Ohùn Láti Abẹ́ Omi

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí. Ní Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ti máa ń kóra jọ sẹ́nu ọ̀nà àwọn tó ń ta mínírà, wọ́n á máa sọ fún yín pé fóònù kan ti dé tí kò nílò òpó kankan. Wọ́n ní sátẹ́láìtì tó wà lójú ọ̀run ló ń bá sọ̀rọ̀. Títí débẹ̀, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn á tún fi kún un pé bí èèyàn tilẹ̀ gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ sísàlẹ̀ òkun, tí àgbá afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, tí wàhálà sì dé, kó ṣáà ti tẹ fóònù ni, ìrànlọ́wọ́ dé nìyẹn. Ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ yìí dára. Ìdajì kejì lè pa èèyàn. Ìtàn ìdajì méjèèjì ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ẹnì kan lè bi mí pé kí ló kan ará Ìjẹ̀bú-Igbó nínú ọ̀rọ̀ òkun, àwa tí igbó wà nínú orúkọ ìlú wa, tó jẹ́ pé kòkó, obì àti gẹdú la mọ̀. Ó kàn wá o. Odò Ọ̀ṣun tó ń gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá, inú ọ̀sà Lẹ́kì ló ń já sí, lápá ibi tí ilẹ̀ Wọ́tásáìdì wà. Àwọn èèyàn wa tó wà ní Abígi, ní Ìwópin, ní Mákùn-Omi, ojú omi ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń jẹ, ojú omi ni wọ́n ń gbà lọ sọ́jà. Níbẹ̀ ni ìpínlẹ̀ Ògùn ti fi ẹsẹ̀ kan òkun. Bí ọkọ̀ bá dojú dé níbẹ̀, ẹkún rẹ̀ máa ń dé ọ̀dọ̀ wa lókè níhìn-ín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹnì kan tó ti wà nísàlẹ̀ òkun rí, tó sì padà wá sọ ọ́.

Harrison Okene ni orúkọ rẹ̀. Kúùkù inú ọkọ̀ ni, ọmọ ọdún 29 ni nígbà náà. Ọkọ̀ tó ń bá ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Jascon-4, jẹ́ irú ọkọ̀ kékeré alágbára tí í máa ń fa ọkọ̀ epo ńlá kó má baà máa fì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 26, oṣù Karùn-ún, ọdún 2013, nǹkan bí agogo márùn-ún ìdájí, ọkọ̀ náà wà lójú òkun, tó nǹkan bí 30 kìlómítà sí etíkun Escravos ní ìpínlẹ̀ Delta. Okene dìde, ó fi ṣòkòtò pénpé wọ ilé ìyàgbẹ́. Ibẹ̀ ló wà tí ìgbì ńlá kan fi dojú ọkọ̀ dé. Ilẹ̀ di òrùlé, òrùlé di ilẹ̀, omi sì wọlé bí ẹni pé wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un.

Àwọn méjìlá ló wà nínú ọkọ̀ yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì wà lórí ibùsùn, ilẹ̀kùn sì wà ní títì pa látinú wá. Kí ló dé? Àwọn olè ojú omi ni. Lápá ibẹ̀, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, àṣẹ ni pé kí oníkálukú ti ara rẹ̀ mọ́lé nítorí àwọn tó ń wá jí èèyàn gbé. Okene fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún àwọn oníròyìn lẹ́yìn náà pé ilẹ̀kùn títì yẹn ló há àwọn ẹlẹgbẹ́ òun mọ́. Ohun tí wọ́n fi sá fún olè, òun náà lomi fi mú wọn.

Ọkọ̀ náà rì, ó lọ jókòó sórí iyanrìn ìsàlẹ̀ òkun ní nǹkan bí 30 mítà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe jìn tó, ẹ fojú inú wo ilé alájà mẹ́wàá. Omi gbá Okene gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan, ó sì jù ú síbi tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ ti há sókè. Afẹ́fẹ́ ọ̀hún ò ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ. Òkùnkùn biribiri ni. Ó rí tọ́ọ̀ṣì, ó tàn fún ìgbà díẹ̀, ó kú. Ó rí ìgò Kóòkù kan, ìyẹn ló ń tọ́ lá. Ó fi mátírẹ́ẹ̀sì gbé ara rẹ̀ sókè díẹ̀ kí òtútù omi má baà pa á. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ìyàwó rẹ̀ ti fi àwọn orí kan nínú ìwé Sáàmù ránṣẹ́ sí i pé kó kà wọ́n kó tó sùn. Àwọn ló ń rántí nínú òkùnkùn yẹn. Iyọ̀ ń bó o lára. Ó ń gbọ́ ìró ẹja lára àwọn òkú tó wà nítòsí rẹ̀. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Àwọn kan gbọ́ ìtàn yìí, wọ́n ní irọ́ ni, pé kò sí bí afẹ́fẹ́ kékeré bẹ́ẹ̀ ṣe lè tó ẹni kan fún ọjọ́ méjì ààbọ̀. Ó lè tó o. Ìwúwo omi ní ìsàlẹ̀ 30 mítà máa ń tẹ afẹ́fẹ́ pọ̀ débi pé ohun tó yẹ kó kún yàrá mẹ́rin á wọ inú yàrá kan ṣoṣo. Afẹ́fẹ́ tí Okene ń mí fi ìlọ́po mẹ́rin ki ju èyí tí èmi àti ẹ̀yin ń mí lọ. Afẹ́fẹ́ burúkú tó ń mí jáde ńkọ́? Òkun tó yí i ká ń fà á mu díẹ̀díẹ̀. Omi tó fẹ́ pa á náà ló ń bá a fọ afẹ́fẹ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 28, àwọn amòòkùn dé. Ará South Africa ni wọ́n, ilé-iṣẹ́ DCN ti ilẹ̀ Netherlands ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́, orí ọkọ̀ ńlá tó ń jẹ́ Lewek Toucan ni wọ́n ti sọ̀kalẹ̀. Òkú ni wọ́n wá kó. Kò sí ẹnikẹ́ni tó ń wá alààyè mọ́. Okene gbọ́ òòlù lára irin ọkọ̀: gbì, gbì, gbì. Ó wẹ̀ nínú òkùnkùn lọ síbi ẹ̀rọ omi mímu kan, ó fa ẹ̀yà kan yọ lára rẹ̀, ó ń fi lu ògiri irin lóhùn padà.

Amòòkùn tó wà nínú ọkọ̀ náà, Nico van Heerden, kò dá wà. Okùn gígùn kan so mọ́ ọn tó ti òkè wá. Afẹ́fẹ́ ń gbà á wá, iná ń gbà á wá, wáyà tẹlifóònù àti ti kámẹ́rà sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá tó ń darí rẹ̀, Colby Werrett, jókòó sínú ọkọ̀ lókè lọ́hùn-ún, ó ń wo ohun tí kámẹ́rà orí akoto ọmọkùnrin náà ń rí, ó ń bá a sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti í bá ara wa sọ̀rọ̀ nínú yàrá kan. Ọwọ́ kan hàn nínú omi. Òkú kan sí i, ohun tí wọ́n rò nìyẹn. Van Heerden na ọwọ́ láti mú un. Ọwọ́ òkú di tirẹ̀ mú.

Ẹni bá ti wo fídíò ọ̀hún, tó gba gbogbo ayé kan ní òpin ọdún 2013, á mọ ariwo tí amòòkùn náà pa. Èmi ò lè da ìbẹ̀rù rẹ̀ lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e ló wú mi lórí jù. Ọ̀gá tó wà lókè ò pariwo. Ó ń gba wáyà yẹn sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe ní ìsàlẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì: kó fọwọ́ kàn án léjìká, kó fi í lọ́kàn balẹ̀. Wọ́n fi omi gbígbóná mú un lára yá, wọ́n gbé akoto afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́ lórí, wọ́n mú un jáde. Wọn ò gbé e lọ sílé lọ́jọ́ yẹn. Inú yàrá irin kan ni wọ́n tì í mọ́ fún ohun tó ju ọjọ́ méjì lọ, kí afẹ́fẹ́ tó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá ti ìsàlẹ̀ fà á yọ sójú òrùn lẹ́ẹ̀kan náà, ikú tí òkun ò pa á ni ilẹ̀ ìbá pa á. Nínú àwọn méjìlá, òun nìkan ló yè. Òkú mẹ́wàá ni wọ́n rí kó.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká sọ pé fóònù tó dára jù lọ láyé wà lọ́wọ́ Okene, èyí tó mọ sátẹ́láìtì bí ẹní mowó, tí bátìrì rẹ̀ sì kún dẹ́ńdẹ́. Kí ni ìbá fi ṣe? Ìbá fi ṣe tọ́ọ̀ṣì. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdí rẹ̀ rèé. Ìgbì rédíò ni fóònù fi ń sọ̀rọ̀, yálà ó ń bá òpó sọ ọ́ ni tàbí ó ń bá sátẹ́láìtì sọ ọ́. Ìgbì yìí ń la afẹ́fẹ́ já, kò sì ka ọ̀nà jíjìn sí. Àwọn sátẹ́láìtì tí iPhone ń bá sọ̀rọ̀ wà ní nǹkan bí 1,400 kìlómítà sókè. Ṣùgbọ́n omi iyọ̀ ni ọ̀gá rẹ̀. Nínú omi òkun, irú ìgbì tí fóònù ń lò kì í rìn jìnnà ju ìwọ̀n ìka ọwọ́ lọ kó tó kú. Iyọ̀ inú omi ló ń gba agbára rẹ̀ jẹ. Okene wà lábẹ́ 30 mítà irú omi bẹ́ẹ̀, irin ọkọ̀ sì tún bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ojú omi tó fẹ́ fi rédíò ránṣẹ́ sí ọkọ̀ abẹ́ omi wọn ní láti kọ́ òpó tó gbòòrò bí ìlú, kí wọ́n sì lo ìgbì gbọọrọ kan tó ń lọ́ bí ìgbín, síbẹ̀ mítà bíi mélòó kan péré ló ń wọ̀ sísàlẹ̀. Fóònù inú àpò ò rí ìyẹn ṣe.

Ohun tó mọ ọ̀nà abẹ́ omi ni ìró. Àwa tí a wẹ odò nígbà èwe mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin náà ẹ rántí: ẹnì kan á lọ sí òdì kejì odò, á fi òkúta méjì lu ara wọn lábẹ́ omi, èyí tó ti orí bọ omi níhìn-ín á sì gbọ́ ọ gbangba bí ìgbà tí wọ́n lù ú sí i létí. A kàn ń ṣeré ni. Àwọn òyìnbó méjì, Colladon àti Sturm, ṣe irú eré yẹn ní ọdún 1826 nínú adágún omi Geneva: agogo ni wọ́n rì sínú omi, wọ́n lù ú, ọ̀kan nínú wọn sì jókòó sínú ọkọ̀ lọ́nà jíjìn, ó ń fetí sí i. Wọ́n rí i pé ìró ń sáré ju 1,400 mítà lọ nínú omi láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú afẹ́fẹ́, nǹkan bí 340 ni. Ìyẹn ni pé ẹ̀yà ẹ̀rọ omi tí Okene fi lu irin mọ iṣẹ́ ju fóònù olówó gọbọi lọ.

Kí àwọn èwe má rò pé ọ̀rọ̀ tẹlifóònù abẹ́ omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, ẹ gbọ́ èyí. Ní ọjọ́ 23, oṣù Karùn-ún, ọdún 1939, ọkọ̀ abẹ́ omi ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ń pè ní Squalus rì nítòsí New Hampshire, níbi tó jìn tó 74 mítà. Èèyàn 59 ló wà nínú rẹ̀. Omi pa 26 lójú ẹsẹ̀. Àwọn tó kù tú àgbá kékeré kan sílẹ̀ tó léfòó lọ sójú omi. Tẹlifóònù wà nínú àgbá náà, wáyà sì so ó mọ́ ọkọ̀ tó wà nísàlẹ̀. Ọkọ̀ kejì tó ń wá wọn, Sculpin, rí àgbá náà, ọ̀gá rẹ̀ gbé tẹlifóònù sétí, ó sì bá ọ̀gá ọkọ̀ tó rì sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò tíì jìnnà tí ìgbì gbé ọkọ̀ òkè sókè, wáyà já. Kí ni wọ́n ṣe? Òòlù ni wọ́n padà sí. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ń lu irin, àwọn ará òkè ń gbọ́. Wọ́n fi agogo irin ńlá kan tó ń gbé èèyàn sọ àwọn agbani sísàlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, wọ́n sì gbé èèyàn 33 jáde láàyè.

Ẹ wá fi èyí wé Kursk ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà, tó rì ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹjọ, ọdún 2000. Ọkọ̀ abẹ́ omi tó lágbára tó bẹ́ẹ̀, àgbá akéde tirẹ̀ ò jáde. Èèyàn 23 ṣì wà láàyè ní ìdí ọkọ̀ lẹ́yìn tí ó bú gbàmù. Ọ̀kan nínú wọn, ọ̀gágun Kolesnikov, kọ orúkọ wọn sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Ìwé yẹn ni wọ́n bá lára rẹ̀. Gbogbo àwọn 118 tó wà nínú ọkọ̀ ló kú.

Ó ti tó àkókò ká gbójú sókè, ká sọ ti sátẹ́láìtì, nítorí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń bú u. Òfò kan ló bí i. Ní ọjọ́ 16, oṣù Kẹwàá, ọdún 1972, ọkọ̀ òfurufú kékeré kan sọnù ní Alaska pẹ̀lú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà méjì, Hale Boggs àti Nick Begich. Wọ́n wá wọn fún ọjọ́ 39. Wọn ò rí wọn títí dòní. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn aláṣẹ fi dandan lé e pé kí ọkọ̀ òfurufú máa gbé ẹ̀rọ kékeré kan tí yóò máa ké nígbà tó bá já lulẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ bá ń ké, ta ni yóò gbọ́ ọ nínú aginjù? Ní ọdún 1979, Amẹ́ríkà, Kánádà, Faransé àti Rọ́ṣíà Sófíẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń fi bọ́ǹbù halẹ̀ mọ́ra wọn nígbà náà, fọwọ́ sí ìwé pé àwọn á jọ gbé etí kan sójú ọ̀run. Wọ́n sọ ọ́ ní Cospas-Sarsat. Àkọ́kọ́ nínú àwọn sátẹ́láìtì náà gòkè ní oṣù Kẹfà ọdún 1982. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, ó ti gbọ́ igbe ọkọ̀ òfurufú kékeré kan tó já sínú igbó Kánádà, wọ́n sì lọ gbé àwọn mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀. Ọdún 1982 yìí náà ni wọ́n dá yunifásítì sílẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè, èyí tí wọ́n ń pè ní Ogun State University nígbà náà. Kí àwọn ọmọ wa tó ń sọ pé àná ni sátẹ́láìtì agbani bẹ̀rẹ̀ lọ bi àwọn àgbà olùkọ́ wọn.

Nàìjíríà wà nínú ètò yìí. Ibùdó tó ń gba igbe láti ojú ọ̀run wà ní Abuja lábẹ́ NEMA. Ọkọ̀ òkun ńlá ń gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ níta, ẹ sì wo ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i: bí ọkọ̀ bá ń rì, tí omi sì ti bò ó ní mítà díẹ̀ péré, ìwúwo omi á já ìdè rẹ̀, ẹ̀rọ náà á léfòó lọ sókè, ìgbà náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé bó bá bá ọkọ̀ lọ sísàlẹ̀, ó ti yadi.

Ti fóònù ńkọ́? Apple gbé iPhone 14 jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà tàbí Kánádà lè fi í ránṣẹ́ sí sátẹ́láìtì bí kò bá sí òpó nítòsí. Ní oṣù Kejìlá, ó dé ìlú ọba, Faransé, Jámánì àti Ireland. Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni èèyàn ń tẹ̀, á sì na fóònù sí apá ibi tí ó bá júwe fún un. Bí ojú ọ̀run bá mọ́ gbangba, ọ̀rọ̀ lè lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 15. Bí igi bá wà lórí èèyàn, ó lè ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bí igi náà bá ṣú bo ibẹ̀, ó lè má lọ rárá. Ẹ ò rí i pé abẹ́ igbó Ìjẹ̀bú lásán, ó lè má gbọ́ igbe èèyàn. Ká má tíì sọ ti abẹ́ òkun. Àwọn tó ṣe fóònù yìí kan náà sọ pé ó lè fara da omi ní mítà mẹ́fà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àwọn ọmọ wa gbọ́ apá yìí, wọ́n gbọ́ ti sátẹ́láìtì, wọ́n wá so méjèèjì pọ̀. Pé omi ò wọ inú fóònù, ìyẹn ò sọ pé ohùn fóònù ń jáde nínú omi.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Yunifásítì Washington ní Amẹ́ríkà gbìyànjú ohun tó bọ́gbọ́n mu ju èyí lọ ní ọdún 2022. Wọ́n fi rédíò sílẹ̀, wọ́n padà sí ìró. Wọ́n ṣe ètò kan, AquaApp, tó ń lo gbohùngbohùn àti etí fóònù fúnra rẹ̀: fóònù amòòkùn kan á ké bí ẹyẹ sínú omi, ti èkejì á gbọ́, á sì yí i padà di ọ̀rọ̀, títí dé nǹkan bí 30 mítà láàárín àwọn méjèèjì. Òkúta méjì tí à ń lù lódò ni, wọ́n kàn kọ́ ọ ní ìwé ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lábẹ́ omi pọ̀ ló fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kò dé ọ̀run.

Ibi tí ewu wà gan-an ni mo wá dé yìí. Láti ìgbà tí Cousteau àti Gagnan, àwọn ará Faransé, ti ṣe ẹ̀rọ mímí tí èèyàn ń gbé kọ́ ẹ̀yìn ní ọdún 1943, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ amòòkùn ni pé kó má ṣe sáré gòkè. Afẹ́fẹ́ tó ń mí nísàlẹ̀ ti tẹ̀ pọ̀. Bó bá ń gòkè, á máa wú. Ẹni tó bá di èémí rẹ̀ mú gòkè láti mítà mẹ́wàá péré, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ fẹ́ di ìlọ́po méjì, ẹ̀dọ̀fóró sì lè ya. Náítírójìn tó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa hó bí mínírà tí wọ́n jìn kí wọ́n tó ṣí i. Nítorí náà ni wọ́n fi ń gòkè ní nǹkan bí mítà mẹ́sàn-án ní ìṣẹ́jú kan, tí wọ́n sì ń dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ní mítà márùn-ún kí wọ́n tó yọrí. Ẹ wá wo ọmọkùnrin tí ìbẹ̀rù mú nísàlẹ̀, tó sì gbà pé ìgbàlà òun wà nínú fóònù. Ó tẹ̀ ẹ́, kò lọ. Ó rántí pé òkè ló ti ń lọ. Ó fi gbogbo agbára tapá sókè. Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ, àwọn àgbà ti wí i.

Ṣé fóònù sátẹ́láìtì ò wá wúlò fún amòòkùn rárá ni? Ó wúlò, lẹ́yìn tí orí bá ti yọ. Ní ọjọ́ 25, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1998, ọkọ̀ kan kó àwọn arìnrìn-àjò 26 lọ mòòkùn ní òkun Ọsirélíà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ padà, wọ́n ka èèyàn, wọ́n ṣì í kà. Tọkọtaya ará Amẹ́ríkà kan, Tom àti Eileen Lonergan, yọrí sókè, wọn ò bá ọkọ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ méjì kọjá kí ẹnikẹ́ni tó fura, nígbà tí wọ́n rí àpò wọn nínú ọkọ̀. Wọn ò rí àwọn tìkára wọn mọ́. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, omi gbé wàláà tí amòòkùn ń kọ̀wé sí lábẹ́ omi wá sétí òkun. Ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n wá gba àwọn ló wà lórí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé fóònù sátẹ́láìtì wà lọ́wọ́ àwọn wọ̀nyẹn, nínú ike tó ń gba omi dúró, nílé ni wọn ì bá sùn. Ó kàn jẹ́ pé ìṣirò ẹnu èèyàn náà ì bá ti gbà wọ́n, kò sì náni ní kọ́bọ̀.

Èyí ni mo ń rò lọ́kàn nígbà tí mo wà létí ọ̀sà ní Ìwópin. Àwọn awakọ̀ ibẹ̀ ní fóònù, kò sí ẹni tí kò ní in. Inú ọ̀rá ni wọ́n ń dì í sí, wọ́n á so ó lẹ́nu, wọ́n á fi há ìbàdí. Ọ̀kan nínú wọn, bàbá tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, fi tirẹ̀ hàn mí.

"Bàbá, bí ọkọ̀ bá dojú dé, ta lẹ máa pè?"

Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé. "Ẹni tó bá ní ọkọ̀ tó sún mọ́ mi jù ni, ọmọ mi. Ṣé Abuja ni n ó máa pè, nígbà tí omi ń wọ̀ mí lẹ́nu?"

Lóòótọ́, igbe tó bá dé ọ̀run gbọ́dọ̀ tún padà sọ̀kalẹ̀ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ní ọkọ̀, tó ní epo nínú rẹ̀, tó sì mọ ọ̀nà omi lóru. Mo wọ ọkọ̀ kan lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, n kò ní dárúkọ ẹni tó ni ín. Wọn ò kọ orúkọ wa, wọn ò kà wá. Mo béèrè aṣọ tí ń léfòó, wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, omi ò ru lónìí. Bí a bá rì, ta ni yóò mọ iye ẹni tí wọ́n ń wá? Àwọn tó ń mòòkùn wa yanrìn nínú ọ̀sà Èkó, tí wọ́n ń rọ̀ mọ́ igi sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú korobá láìní àgbá afẹ́fẹ́ kankan, sàn jù wá lọ lórí èyí. Bí ẹnì kan bá pẹ́ lábẹ́ omi, ẹnìkejì rẹ̀ nínú ọkọ̀ á mọ̀.

Àwọn èèyàn máa ń béèrè ohun tó gbẹ̀yìn Okene. Lẹ́yìn ìjàǹbá yẹn, ó kọ́kọ́ sọ pé òun ò tún fẹ́ padà sójú òkun mọ́. Ó tún rò ó. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ ìmòòkùn, ó sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní ọdún 2015. Ó di amòòkùn oníṣẹ́, irú àwọn tó wá kó òkú lọ́jọ́ tí wọ́n bá a láàyè. Bí irú wọn bá ń sọ̀kalẹ̀ báyìí, okùn máa ń so mọ́ wọn, wáyà á wà nínú okùn náà, ẹnì kan á sì jókòó sínú ọkọ̀ lókè tó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí.